Bash Ń Ka Páásíwọọ̀dù Jáde

Ẹ̀gbọ́n kan wà tó mọ Linux dáadáa. GnuPG, ètò tó ń fi páásíwọọ̀dù ṣọ́ kọ́kọ́rọ́, ló fi ń ṣọ́ kọ́kọ́rọ́ SSH rẹ̀, èyí tó fi ń wọ kọ̀ǹpútà mìíràn láti ọ̀nà jíjìn. Ó ti kọ `enable-ssh-support` sínú `~/.gnupg/gpg-agent.conf`. Ó ṣí tẹ́mínà méjì (fèrèsé tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ), ó pa àṣẹ `ssh` nínú ìkejì, ó dúró títí, kò rí nǹkan kan. Ló bá ké sí àbúrò rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo tẹ́mínà àkọ́kọ́."

Ibẹ̀ ni pinentry-curses, àpótí tó ń béèrè páásíwọọ̀dù nínú tẹ́mínà, lọ jókòó sí lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n sáré tẹ `ọbẹ̀-ẹ̀gúsí-ọjọ́-Sátidé`. Ó tẹ Enter, bash, tó ń gba àṣẹ nínú tẹ́mínà, gbà á. Ó tún un tẹ̀, pinentry gbà á. Ohun tó jáde lójú tẹ́mínà rèé:

`bash: b-gsọjSti: command not found`

Pinentry náà sì ní tirẹ̀ láti sọ: "Bad Passphrase (try 2 of 3)".

"Ṣé ẹ̀rọ yìí ti ya wèrè ni?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Bash àti pinentry ló jọ ń jẹun nínú àwo kan. Bí èyí ṣe ń bu òkèlè kan, ni ìkejì náà ń bu tiẹ̀."

Tẹ́mínà kan náà ni àwọn méjèèjì ń kà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan á sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ mú un. Ohun tó fà á ni pé SSH kò ní ọ̀nà tó lè fi sọ fún gpg-agent, tó ń bá GnuPG di kọ́kọ́rọ́ mú, pé tẹ́mínà báyìí ni ìbéèrè ti wá. Torí náà, èyí tí gpg-agent mọ̀ láti ìgbà tó ti dìde ló máa ń lò. Ìlà méjì ni ẹ máa kọ sínú `~/.bashrc`:

`export GPG_TTY=$(tty)`
`gpg-connect-agent updatestartuptty /bye >/dev/null`

Ìlà kìíní ló tún ń wo ìṣòro "Inappropriate ioctl for device" sàn, èyí tó ti da oorun àìmọye èèyàn rú. Àmọ́ ìlà kejì ní àléébù: tẹ́mínà tí ẹ ṣí kẹ́yìn ló máa ń jọba. Tí ẹ bá padà sí ti àtijọ́, ẹ tún àṣẹ náà pa níbẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó bá wà nídìí desktop kò yẹ kó máa fara da pinentry-curses rárá. Ẹ fi pinentry-gnome3 tàbí pinentry-qt, tó ń ṣí fèrèsé tirẹ̀, sí i, kí ẹ kọ `pinentry-program /usr/bin/pinentry-gnome3` sínú gpg-agent.conf, kí ẹ wá pa `gpgconf --kill gpg-agent`. Ọ̀nà fáìlì náà gbọ́dọ̀ pé pérépéré, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ "No pinentry" lẹ máa rí. Ẹ má sì gbàgbé pé ohun tí bash gbé mì ti wà nínú history, àkọsílẹ̀ àwọn àṣẹ tí ẹ ti pa. `history -d` àti nọ́ńbà ìlà náà ló ń yọ ọ́.

Fèrèsé wá ń yọ sójú ẹ̀gbọ́n báyìí. Ó da `~/.gnupg` kọ sórí kọ̀ǹpútà kejì, ó tẹ ọbẹ̀ àti ẹ̀gúsí rẹ̀, wọ́n ní kì í ṣe òun. Àmì ohùn ló fà á. Ẹ pa àṣẹ yìí lórí ẹ̀rọ méjèèjì:

`printf 'ọ́' | od -An -tx1`

Ọ̀kan lè fún yín ní `e1 bb 8d cc 81`, ìkejì `6f cc a3 cc 81`. Àwọn kan tilẹ̀ ń rí `c3 b3 cc a3`. Lójú wa, ọ́ kan náà ni gbogbo wọn. Báìtì, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ni GnuPG ń wò ní tirẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá àmì ìsàlẹ̀ ló ṣáájú àbí tòkè.

Orí ẹ̀rọ tó ṣì ń gbà á ni ẹ ti máa pa `gpg --change-passphrase` pẹ̀lú ìmeèlì kọ́kọ́rọ́ náà. Ẹ lo lẹ́tà tí kò lámì rárá, kí ẹ jẹ́ kó gùn, kí nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ kó má baà ráhùn. Lẹ́yìn náà ẹ tún da folda `private-keys-v1.d` kọ sórí ìkejì.

Ẹ̀gbọ́n ṣe gbogbo rẹ̀. Ó dán an wò pẹ̀lú `echo dánwò | gpg --clearsign`, ó gbà. Ó tún un ṣe, kò tilẹ̀ béèrè nǹkan kan. Ló bá ń jó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o. Ìṣẹ́jú àáyá 600 ni gpg-agent fi ń rántí. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá lò ó ló ń sún un síwájú, títí dé 7200. Ẹ pa á ná, kí ẹ tó dán an wò."

Ẹ̀gbọ́n pa `gpgconf --kill gpg-agent`. Fèrèsé yọ. Ó tẹ páásíwọọ̀dù tuntun náà jẹ́jẹ́, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Wọ́n kọ̀ ọ́. Ó tún un tẹ̀, wọ́n tún kọ̀.

"Àbúrò, wá wò ó! Kò sí àmì ohùn kankan níbí o!"

Àbúrò dé, kò wo ojú ẹ̀rọ rárá. Ó na ìka sí iná Caps Lock tó ń tàn.