Ọpẹ́lọpẹ́ Danny Jansen

Ọjọ́ Ẹtì, aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá. Òjò ti ń rọ̀ ní Baltimore níbí láti ìdájí, ẹsẹ̀ ń ro mí, ẹ̀yìn ń ro mí, aṣọ iṣẹ́ mi ṣì tutù lórí àga, àmọ́ inú mi ń dùn bíi ti ọmọ tí wọ́n ra bàtà ọdún fún, torí mo mu kọfí ọ̀fẹ́ lónìí.

Kì í ṣe torí owó kọfí o. Ọ̀rọ̀ èmi àti Papá ni. Ní wíàháósì tí a ti ń to páálí la ti pàdé, ọmọ Dominican Republic ni wọ́n, San Pedro de Macorís gan-an ni wọ́n ti wá, wọ́n ti lé lọ́gọ́ta ọdún dáadáa, gbogbo àwọn tó kù níbẹ̀ ń pè wọ́n lórúkọ, èmi tí wọ́n bí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹnu mi ò gbà á, mo ní Papá ni màá máa pè yín. Àwọn náà bá sọ mí ní Nigeria. "Nigeria, wá síbí." Bíi pé èmi nìkan ni gbogbo orílẹ̀-èdè yẹn.

Òfin kan wà láàárín wa. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì tí a bá ti jókòó jẹun ọ̀sán, wọ́n á bi mí ní ìbéèrè kan nípa baseball. Tí mi ò bá mọ̀ ọ́n, èmi ni màá ra kọfí, tí mo bá mọ̀ ọ́n, àwọn ni. Fóònù á dojú bolẹ̀ lórí tábìlì, Google ò gbọdọ̀ gbọ́. Ó ti tó ọdún kan báyìí, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni mo sì ti gbà á, pẹ̀lú ti òní, ìyókù, èmi ni mò ń sanwó bí ẹni tó jẹ gbèsè.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, mi ò mọ orí eré yẹn, mi ò mọ ìdí ẹ̀. Bọ́ọ̀lù tèmi, ẹsẹ̀ la fi ń gbá a, àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, ó parí, kálukú á lọ máa jà nílé ẹ̀. Èyí, ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kan á di igi mú, á wò ó, á fi í sílẹ̀, wọ́n á jù ú padà, àwọn tó kù á máa tutọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n mú mi lọ Camden Yards, mo sùn lọ ni. Sítédíọ̀mù tó gba èèyàn tó lé ní 40,000, pẹ̀lú ariwo àti ọ̀rá hot dog lọ́wọ́ mi, mo sùn fọnfọn.

Ìwé Papá ló mú mi. Ìwé gígùn kan ni, wọ́n fi rọ́bà de pẹ́ńsù kúkurú kan mọ́ ọn tí wọ́n máa ń fi ọ̀bẹ gbẹ́. Kìkì àpótí kéékèèké ni ojú ewé ẹ̀, nínú àpótí kọ̀ọ̀kan dáyámọ́ńdì tíntìnní kan wà, tí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù bá dé béèsì àkọ́kọ́ wọ́n á fa ìlà kan, tó bá dé ìkejì wọ́n á fa òmíràn, tó bá yí i ká tó délé wọ́n á fi pẹ́ńsù kun inú ẹ̀ dúdú. Ẹni tó bá fi igi wá bọ́ọ̀lù tì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, K ni wọ́n ń kọ fún un. Tó bá wá jẹ́ pé ó kàn dúró ń wo èyí tó kẹ́yìn bíi màlúù tó ń wo ọkọ̀ tó ń kọjá, wọ́n á dojú K náà kọ ẹ̀yìn. Àwọn tó wà lórí pápá náà ní nọ́ńbà, ẹni tó ń jù ú ni 1, ẹni tó ń hán an lẹ́yìn igi ni 2, títí dé 9. Tí ẹ bá rí 6-4-3 nínú àpótí kan, odindi ìtàn ni: bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ ẹni kẹfà, ó dé ọwọ́ ẹni kẹrin, ó dé ọwọ́ ẹni kẹta, èèyàn méjì ti jáde kó o tó ṣẹ́jú. Mo wò ó, mo ní Papá, bí babaláwo ṣe ń tẹ ìlà sórí ìyẹ̀ròsùn nílé wa náà nìyí. Wọ́n ní àwọn mọ babaláwo, ará Kúbà kan tí àwọn jọ gbélé nígbà kan jẹ́ ọ̀kan. Ẹnu yà mí.

Ìbéèrè òní: ta ló ti ṣeré fún tíìmù méjèèjì nínú game kan ṣoṣo?

Wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ kí wọ́n tó bèèrè é tán, wọ́n ti ń fojú inú mu kọfí mi. Mo rọra gbé ìrẹsì ẹnu mi mì. Mo ní Danny Jansen.

Mo ti ka ìtàn yẹn rí níbi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, ó sì ti wọ̀ mí lára. Ọjọ́ 26 oṣù kẹfà 2024, ní Fenway Park ní Boston, Toronto Blue Jays ń bá Boston Red Sox ṣeré. Inning kejì ni wọ́n wà (inning ni ìpele tí tíìmù kọ̀ọ̀kan á fi gbá tiẹ̀ lẹ́ẹ̀kan), Jansen, ọmọ Toronto nígbà yẹn, ti dúró pẹ̀lú igi ẹ̀, wọ́n ti ju ọ̀kan sí i, ni òjò bá dé. Òjò ò dá, wọ́n ní ó di ọjọ́ mìíràn. Kí ọjọ́ mìíràn yẹn tó pé, ní 27 oṣù keje, Toronto ti fi Jansen ṣe pààrọ̀, ta ni wọ́n sì gbé e fún? Boston. Nígbà tó di 26 oṣù kẹjọ tí wọ́n padà wá parí ẹ̀, ibi tí wọ́n ti dá a dúró gẹ́lẹ́ ni wọ́n ní láti mú un, ìyẹn ni pé Jansen ló yẹ kó wà níwájú pẹ̀lú igi, Jansen yìí kan náà sì rèé, ó ti lóṣòó sẹ́yìn igi, ó ń hán bọ́ọ̀lù fún Boston. Daulton Varsho ni Toronto fi rọ́pò ẹ̀. Ẹ wo ọkùnrin kan tó lóṣòó tó ń wo ẹlòmíràn tó wá parí iṣẹ́ tí òun fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ loṣù méjì sẹ́yìn! Toronto ló borí, 4-1, mi ò mọ̀ bóyá kí n kí Jansen kú oríire ni àbí kí n bá a kẹ́dùn.

Papá gbá tábìlì. Wọ́n sanwó, àmọ́ wọn ò jẹ́ kí n gbádùn ẹ̀ tán, wọ́n ní Jansen gba oṣù méjì kó tó ṣe tiẹ̀, pé ọjọ́ kan ni Joel Youngblood fi ṣe tiẹ̀. Èyí, mi ò gbọ́ ọ rí. Ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ 1982, lọ́sàn-án, Youngblood wà ní Chicago pẹ̀lú New York Mets, ó gbá bọ́ọ̀lù tí Ferguson Jenkins jù, ó dé béèsì. Eré ò tíì parí tí wọ́n fi pè é jáde pé wọ́n ti fi í ṣe pààrọ̀, ó ti di ti Montreal Expos, Montreal sì ní eré ní Philadelphia lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ní ó ti ń lọ kó tó rántí pé òun gbàgbé ìbọ̀wọ́ òun, ló bá tún padà lọ mú un. Ó wọ bàálù, ó dé, wọ́n tì í sínú eré tó ti jìnnà, ló bá tún gbá ti Steve Carlton. Tíìmù méjì, ìlú méjì, ọjọ́ kan. Jenkins àti Carlton o, àwọn méjèèjì ló padà wọ Hall of Fame, ilé ọlá àwọn akọni eré náà, ẹlòmíràn á fi gbogbo ayé ẹ̀ wá ọ̀kan gbá lára wọn.

Mo ní báwo ni tọ̀sán ṣe bá tòru mu báyẹn, Papá ní ṣé o ò mọ̀ pé Wrigley Field, pápá Chicago yẹn, ò níná nígbà yẹn ni, ọ̀sán nìkan ni wọ́n máa ń ṣeré níbẹ̀. Òótọ́ ni, 1988 ni wọ́n tó fi iná síbẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Kì í ṣe pé iná ṣọ̀wọ́n ní Chicago, àwọn tó ni ín ni ò fẹ́ ẹ. Èmi tí mo fi àbẹ́là kàwé wáìkì, ẹ wá sọ fún mi pé ẹnì kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n gbé iná fún tó kọ̀ ọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ojú Papá tàn, ẹ dárúkọ Fernando Tatís, bàbá o, kì í ṣe ọmọ. Ará San Pedro de Macorís bíi tiwọn ni. Ọjọ́ 23 oṣù kẹrin 1999, ní Los Angeles, inning kẹta, èèyàn wà lórí béèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Tatís gbé bọ́ọ̀lù kọjá ògiri, mẹ́rin wọlé. St. Louis Cardinals ò jáde bọ̀rọ̀, wọ́n ń gbá a lọ títí ó fi tún kan Tatís nínú inning kan náà, béèsì tún ti kún, Chan Ho Park ló ṣì ń jù ú, ó tún gbé e kọjá ògiri. Mẹ́jọ lápapọ̀, láti ọwọ́ ẹnì kan, nínú inning kan. Kò sẹ́ni tó tíì ṣe é tẹ́lẹ̀, kò sì tíì sẹ́ni tó tún un ṣe. Tèmi ni pé ta ló fi Park sílẹ̀ níbẹ̀? Lẹ́yìn tí ilé ti jó lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò lè gba ìṣáná lọ́wọ́ ọmọ náà ni? Papá máa ń bínú tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní mò ń bu ògo Tatís kù.

Ní Baltimore níbí, ẹ ò lè sọ̀rọ̀ rẹ́kọ́ọ̀dù kí wọ́n má dárúkọ Cal Ripken ti Baltimore Orioles, eré 2,632 léraléra láì pa ọ̀kan jẹ. Mo bọ̀wọ̀ fún un, àmọ́ èmi tí mò ń ṣe síìfù, lílọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ yà mí lẹ́nu (ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin ará Maryland). Ripken tí mo fẹ́ràn ni ti ọdún 1981, kó tó di ẹnì kan, nígbà tó ṣì wà ní líìgì kékeré, ní Rochester, tí wọ́n lọ bá Pawtucket ṣeré ní Rhode Island. Inning mẹ́sàn-án ló yẹ kí eré jẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ 18 oṣù kẹrin, ọ̀mì, ọ̀mì, ọ̀mì, òtútù mú débi tí wọ́n fi ń dáná sí igi tó ti ṣẹ́ kí wọ́n lè yáná. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méje ìdájí ni wọ́n tó dá a dúró, inning 32 ti parí, 2-2. Àárọ̀ Ọjọ́ Àjíǹde ni. Èèyàn 19 ló kù níjòókòó. Wọ́n ní Luis Aponte, tó ti bá Pawtucket ju bọ́ọ̀lù, délé ní òkú òru yẹn, ìyàwó ẹ̀ ò ṣílẹ̀kùn, ó ní níbo lo ti ń bọ̀, ó ní lórí pápá. Lórí pápá kẹ̀! Ta ló máa gbà á gbọ́? Ní 23 oṣù kẹfà ni wọ́n padà wá parí ẹ̀, inning kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú 18, Pawtucket borí, 3-2.

Ibi tí èmi àti Papá ò ti gbà fún ara wa lónìí ni ti Josh Gibson. Dúdú ni Gibson, Negro Leagues, líìgì àwọn ẹni dúdú, ló ti ṣeré, torí wọn ò jẹ́ kí ẹni dúdú wọ ti òyìnbó. Ní oṣù karùn-ún 2024 ni Major League, líìgì tó ga jù lọ, wá gba nọ́ńbà Negro Leagues ti 1920 sí 1948 wọlé mọ́ tiwọn, èèyàn tó lé ní 2,300, ọjọ́ yẹn ni Gibson di olórí gbogbo wọn, .372, ìyẹn ni pé ká ní ó dúró nígbà 1,000, á gbá a yọrí nígbà 372. Ty Cobb, .367, ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀. Papá ní àwọn fẹ́ràn Gibson, ṣùgbọ́n eré wọn kò pọ̀ tó lọ́dún kan, kò ṣeé gbé sórí òṣùwọ̀n kan náà. Mo ní ta ló jẹ́ kó kéré? Ṣé Gibson ló ní òun ò fẹ́ ṣeré púpọ̀ ni? Wọ́n ní òṣùwọ̀n ni òṣùwọ̀n. Mo ní Papá, ká ní 1940 ni, ṣé wọ́n á jẹ́ kí Tatís yín fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ní Los Angeles yẹn pẹ̀lú àwọ̀ ara ẹ̀?

Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n tú rọ́bà ìwé, wọ́n tún un dè. Gibson kú ní oṣù kìíní 1947, ọmọ ọdún 35, Jackie Robinson, ẹni dúdú tí wọ́n wá ṣílẹ̀kùn fún, wọlé sí Major League ní 15 oṣù kẹrin ọdún yẹn gan-an. Kò tó oṣù mẹ́ta. Èyí ò sí nínú àpótí kankan, mo kàn kà á lórí ìka ni.

Mo ti wá orúkọ tiwa náà rí nínú ìwé wọn. Ẹni tí mo rí ni Demi Orimoloye, wọ́n bí i ní Nàìjíríà, ó dàgbà sí Kánádà, Milwaukee Brewers mú un ní 2015, àmọ́ kò tíì dé òkè pátápátá. Ọmọ South Africa ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà, Gift Ngoepe, 2017, ó sì gbá ti ìgbà àkọ́kọ́ ẹ̀ yọrí.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi ni màá bèèrè, mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ Papá. Ti Stan Musial, ọmọ St. Louis Cardinals àtijọ́, ni. Gbogbo èyí tó gbá yọrí títí tó fi kúrò nínú eré ní 1963 jẹ́ 3,630. Mélòó ló gbá nílé ní St. Louis, mélòó ló gbá nílùú onílùú? 1,815 nílé, 1,815 nílùú onílùú, Táyé àti Kẹ́hìndé. Wọn ò lè mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí. Mo ti kọ ọ́ sórí bébà kan, mo fi sápò aṣọ iṣẹ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí pé aṣọ náà tutù, ẹ jẹ́ n lọ yọ ọ́ kí yíǹkì tó ṣí.