Ọjọ́ tí àkàrà jóná

Nínú dánfó láàárọ̀ yìí wọ́n ń jiyàn pé kí ìjọba tètè máa yẹgi fún àwọn ajínigbé, gbogbo ọkọ̀ ń pariwo, èmi ò dá sí i. Kì í ṣe pé mi ò mọ ohun táwọn ajínigbé ń fojú èèyàn rí o, ẹni tí wọ́n pa ọmọ ẹ̀ náà ní ẹkún tiẹ̀, mi ò bá a du ú. Ìyá alákàrà kan ló ṣáà sọ sí mi lọ́kàn.

Àwa àti ìyá yìí jọ ń gbé kọ̀mpáùn kan lọ́dún 2013, iwájú ilé ló ti ń din àkàrà. Ọkọ ẹ̀ wà lẹ́wọ̀n, wọ́n ti dájọ́ ikú fún un tipẹ́, àwa díẹ̀ la mọ̀, àwọn ọmọ ẹ̀ méjèèjì ò mọ̀, Líbíà ló ní bàbá wọn wà, tó bá sì ń lọ wò ó á ní òun ń lọ ra ẹ̀wà.

June 16 ọdún yẹn, Ọjọ́ Àwọn Bàbá, ni Ààrẹ Jonathan ní káwọn gómìnà máa fọwọ́ síwèé ikú àwọn tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi. Ọjọ́ Àwọn Bàbá kẹ̀! Nígbà tó di June 24, wọ́n yẹgi fún èèyàn mẹ́rin lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Benin, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ mọ́ látọdún 2006, wọn ò sì sọ fáwọn ẹbí wọn tẹ́lẹ̀. Ẹnì karùn-ún wà níbẹ̀, ThankGod Ebhos, wọ́n ti mú un dé ìdí okùn, àfi bí wọ́n ṣe rí i pé ìbọn ni ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n fi pa á, kì í ṣe okùn, ni wọ́n bá dá a padà. Oṣù kẹwàá 2014 ni wọ́n tú u sílẹ̀, ó padà sílé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìwé o!

Rédíò ò dárúkọ àwọn mẹ́rin yẹn, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Epo ti gbóná, ìyá yìí ti da àkàrà sí i, ó gbọ́ "èèyàn mẹ́rin", ó dìde fùú. Ọkọ tiẹ̀ ò sí ní Benin nígbà tó lọ wò ó kẹ́yìn, àmọ́ wọ́n máa ń kó ẹlẹ́wọ̀n kúrò níbì kan lọ síbòmíì láìsọ fẹ́nì kankan, ta ló fẹ́ fi í lọ́kàn balẹ̀? Ó gbé bùbá wọ̀, inú ẹ̀ ló kọ síta, kò tiẹ̀ mọ̀, ó ti gun ọ̀kadà lọ.

Àwọn míì ò tiẹ̀ rí òkú gbà. Nígbà tí ìjọba Abacha yẹgi fún òǹkọ̀wé yẹn, Ken Saro-Wiwa, àtàwọn ará Ogoni mẹ́jọ ní Port Harcourt, November 10, 1995, wọn ò gbé òkú wọn fún ẹbí. Níbo lọmọ fẹ́ dúró sí sunkún bàbá ẹ̀? Esther Kiobel, ìyàwó ọ̀kan nínú wọn, pe Shell, ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì táwọn ará Ogoni ń bá jà, lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà pé ó lọ́wọ́ sí i, òun àtàwọn opó mẹ́ta tún pè é ní Netherlands, 2022 ni wọ́n da ìyẹn náà nù. Nígbà tó wá di June 2025, Ààrẹ Tinubu ní òun dárí ji Saro-Wiwa àtàwọn mẹ́jọ yẹn. Ìdáríjì, fún ẹni táwọn ẹbí ẹ̀ ti ń pariwo látọjọ́ yìí pé kò jẹ̀bi!

Ilẹ̀ ti ṣú kí ìyá alákàrà tó dé lọ́jọ́ náà. "Ó wà, ó jẹun." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó wọlé.

Àmọ́ láàárọ̀ tó lọ yẹn, èmi ni mo sáré dé ìdí iná, ọmọ ẹ̀ obìnrin tó dàgbà jù jáde wá, kò tíì ju ọdún mọ́kànlá lọ. Mo ní màmá ẹ̀ ti lọ ra ẹ̀wà. Ó wo rédíò, ó wò mí.

"Bùrọ̀dá, ṣé wọ́n dárúkọ dádì mi?"

Mo ní rárá, wọn ò dárúkọ ẹnì kankan. Ó gba síbí lọ́wọ́ mi, ó ń ṣa èyí tó ti jóná sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.