Ìdí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi la Bengal sí méjì ní ọdún 1905

Ohun tí ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì sọ fún aráyé nígbà tí wọ́n pín Bengal, ẹkùn kan ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Íńdíà tó wà lábẹ́ wọn, ni pé ẹkùn náà ti tóbi jù. Irọ́ kọ́ ni. Pẹ̀lú Bihar àti Orissa tó so mọ́ ọn, àwọn èèyàn ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 78, gómìnà kan ṣoṣo ló sì ń ti Calcutta, olú ìlú ibẹ̀, ṣàkóso gbogbo wọn, tí ìhà ìlà-oòrùn kì í fi í sábà rí ojúure ìjọba.

Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gbé ọ̀bẹ gbà ni kí á wò. Bó bá jẹ́ pé ìtóbi nìkan ni ìṣòro wọn, wọn ì bá yọ Bihar àti Orissa, tí èdè wọn yàtọ̀, sọ́tọ̀, kí àwọn tó ń sọ Bengali sì wà pọ̀. Lord Curzon, gómìnà àgbà ilẹ̀ Íńdíà, kò fara mọ́ irú ètò bẹ́ẹ̀. Àárín àwọn elédè Bengali gan-an ni ààlà náà gbà kọjá: wọ́n da ìlà-oòrùn pọ̀ mọ́ Assam, Dacca sì di olú ìlú rẹ̀, ní ìwọ̀-oòrùn, àwọn elédè Bengali di mílíọ̀nù 17 péré láàárín mílíọ̀nù 54, wọ́n di ẹni kékeré nínú ilé ara wọn.

Herbert Risley, akọ̀wé àgbà ìjọba fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé, kò tilẹ̀ fi bò nínú ìwé tó kọ ní ọdún 1904. Ó ní agbára ni Bengal bó bá wà ní ìṣọ̀kan, àti pé bí wọ́n bá pín in, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kálukú yóò máa fà sí. Àwọn agbẹjọ́rò àti oníwèé ìròyìn Calcutta, tí ohùn wọn rinlẹ̀ nínú Congress, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn ará Íńdíà, ni wọ́n fẹ́ sọ di aláìlágbára.

Curzon fúnra rẹ̀ lọ sí Dacca ní oṣù Èrèlé 1904, ó sì ṣèlérí fún àwọn Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ jù ní ìlà-oòrùn, pé ẹkùn tuntun yóò fún wọn ní ìṣọ̀kan tí wọn kò ní mọ́ láti ayé àwọn ọba wọn àtijọ́. N kò dá àwọn tó gbà á lẹ́bi, nítorí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbẹ̀ tó ń sanwó ilẹ̀ fún àwọn onílẹ̀ Híńdù tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbé ní Calcutta. Ohun tó dùn mí ni pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ àìní tòótọ́ di ohun èlò ìyapa.

Láti oṣù Ògún 1905 ni àwọn alátakò ti kéde pé àwọn kò ra ọjà Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù Ọ̀wàrà tí ìpín náà fẹsẹ̀ múlẹ̀, Híńdù àti Mùsùlùmí ń so okùn mọ́ ara wọn lọ́rùn ọwọ́ ní ìgboro Calcutta, láti fi hàn pé ọmọ ìyá ni àwọn. Ní ọdún 1911, Ọba George Karùn-ún kéde ní Delhi pé wọ́n ti pa ìpín náà rẹ́. Nígbà tó di ọdún 1912, Bihar àti Orissa ni wọ́n wá yọ sọ́tọ̀.