Aláìsàn nínú ìjọ: ilẹ̀ Okun àti Lọ́ńdọ̀nù

Bí ọmọ ìjọ bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn ní Ẹ̀gbẹ̀, Ìsánlú tàbí Kàbbà, nílẹ̀ Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogi, àdúrà nìkan kọ́ ni wọ́n ń gbé lọ bá a. Ilé ìwòsàn lọ́dọ̀ wa kì í sábà bọ́ aláìsàn, àwọn ìyá ìjọ ló ń pín oúnjẹ láàárín ara wọn: ẹnì kan á gbé ẹ̀kọ wá láàárọ̀, ẹlòmíràn á gbé ti alẹ́ wá. Ẹnì kan á tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, torí òun ló máa sáré lọ ra dírípù àti abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì bá kọ sínú ìwé lóru.

Ti ẹ̀jẹ̀ ló máa ń le jù. Wọ́n ní kí ẹ wá páìńtì méjì. Pásítọ̀ kéde, ọ̀dọ́ mẹ́wàá dìde, síbẹ̀ agbára káká ni wọ́n á fi rí méjì mú nínú wọn. Ẹ̀jẹ̀ tẹni yìí kò tó lára òun fúnra rẹ̀, ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi tọ̀hún sílẹ̀, èyí sì ń fún ọmọ lọ́mú. Ìjọ tó bá mọ ohun tó ń ṣe ti kọ irú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ìjọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá bá ti aláìsàn mu ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè.

Oko aláìsàn náà wà níbẹ̀. Àáró ni iṣẹ́ oko tí a ń san padà, ọ̀wẹ̀ sì ni èyí tí olóko ń bọ́ àwọn tó wá. Ti ìjọ kò gba méjèèjì: àwọn ọkùnrin á gbé ọkọ́ tiwọn àti oúnjẹ tiwọn dání, kí ìyàwó aláìsàn má baà fi ilé ìwòsàn sílẹ̀ wá dáná. Kí wọ́n ṣáà rí i pé ẹni tó mọ ilẹ̀ náà wà láàárín wọn. Ebè tí èrò fi ìkánjú kọ máa ń kéré, iṣu inú rẹ̀ kì í sì í ta dáadáa.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ìwòsàn ìjọba ń bọ́ aláìsàn, oògùn tí wọ́n ń lò fún un níbẹ̀ kì í ṣe rírà, ẹ̀jẹ̀ sì ti wà nílẹ̀. Wákàtí ìbẹ̀wò ni kí ẹ fi lọ. Ilé tó fi sílẹ̀ ni ìṣòro wà. Ta ló máa mú ọmọ lọ sílé ìwé, ta ló sì máa lọ mú un ní aago mẹ́ta kọjá? Ilé ìwé kì í fa ọmọ lé ẹni tí òbí kò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́, ìbáà ṣe alàgbà ìjọ, torí náà kí òbí ti fi orúkọ ẹni méjì sílẹ̀ kí àìsàn tó dé. Tí ẹ bá ń gbé oúnjẹ lọ, ẹ fi í sínú ike tí a kì í dá padà, kí ẹ sì kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára ìdérí, pàápàá ẹ̀pà, edé àti ẹyin.

Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀ ni, "Ẹ sọ fún wa tí ẹ bá nílò nǹkan o." Ọmọ Okun wo ló máa sọ? "A dúpẹ́, ara ti ń le," ni yóò wí, ilẹ̀kùn á sì padé. Ẹ sọ èyí tí ẹ fẹ́ ṣe gan-an: "Màá wá mú àwọn ọmọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́jọ." Ìyẹn kì í ṣòro gbà.

Ká má tan ara wa, ti ilẹ̀ Okun náà ní àbùkù tirẹ̀. Wọ́n lè kéde àìsàn ẹni lórí pẹpẹ láìbi í, ìwé ìdáwó sì ń gbé orúkọ àti iye kiri, débi pé ẹni tó bá rí bàtà tuntun lẹ́sẹ̀ aláìsàn lóṣù kejì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò.

Ti owó ní Lọ́ńdọ̀nù yàtọ̀. Tí ẹni tó ń san owó orí bá fi pọ́n-ùn kan sínú àpò ìjọ tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ Gift Aid, ìjọ lè gba pẹ́ǹsì 25 lé e lọ́wọ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n àpòòwé tí ẹ bá kọ "fún Bùrọ̀dá báyìí" sí lára kò sí lára rẹ̀. Ẹ fi sínú àpò àánú gbogbogbòò, kí ìgbìmọ̀ pín in, tàbí kí ẹ kúkú fi ránṣẹ́ tààrà sí àkáǹtì ẹni náà.