Abọ́ frejon tí mi ò rẹ́ni gbé e fún

Fọ́tò mẹ́ta péré ni mo fi sórí WhatsApp ẹbí wa o. Ọ̀kan, èmi rèé níwájú iná ńlá tí wọ́n fi ń yan ẹran nílé ìdáná ààfin Hampton Court ní Lọ́ńdọ̀nù, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìkejì, níbi ọdún rhubarb, ewébẹ̀ kan tí wọ́n ń fi ṣúgà jẹ, ní Wakefield ní Yorkshire, lóṣù kejì. Ìkẹta, èmi àti ọmọ mi, páì lọ́wọ́, eyín síta. Kò tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí Àǹtí mi, àbúrò màmá mi tó wà ní Lafiaji l'Ékòó, ti fi ohùn ránṣẹ́: "Ẹ̀yin lẹ̀ ń jayé o jàre. Ojoojúmọ́ lọdún tiyín. Àwa tá a wà ńbí, gáàsì ò jẹ́ ká rí ẹ̀wà sè mọ́." Wọ́n wá rẹ́rìn-ín sí i. Mo mọ ẹ̀rín yẹn dáadáa, owó ló máa ń tẹ̀ lé e.

Mi ò dá wọn lóhùn. Tí mo bá ní kí n ṣàlàyé, wọ́n á ní mò ń fi grámà sá fún owó gáàsì ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ òótọ́: àwọn òyìnbó tí mò ń gbé láàárín wọn yìí mọ ọdún ṣe. Nígbà tí mo ṣì wà l'Ékòó, mo rò pé òyìnbó ò ní oúnjẹ ni, pé búrẹ́dì àti ọ̀dùnkún ni wọ́n ń jẹ títí ayé. Irọ́ ni. Kò sí ìgbà tí ò ní nǹkan tiẹ̀. Tí Lẹ́ǹtì bá ku ọ̀la, páńkéèkì. Gúùdù Fúráìdè, búrẹ́dì kékeré tí wọ́n ya àgbélébùú sí lórí. Tí Advent bá ku ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á po púdìnì Kérésìmesì, gbogbo ará ilé á máa gba síbí lọ́wọ́ ara wọn, kálukú á rò ó, á sì tọrọ nǹkan kan sínú. Ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá, iná níta, bángà lókè, nítorí Guy Fawkes àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó fẹ́ fi ẹ̀tù fọ́ ilé ìgbìmọ̀ wọn lọ́dún 1605, ọmọ York ni Fawkes yẹn o, ọmọ apá ibi tí mò ń gbé níbí, parkin, ìyẹn kéèkì kan, sì ni wọ́n máa ń jẹ ní Yorkshire lọ́jọ́ náà.

Màmá arúgbó kan ló kọ́ mi ní parkin, níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà. Orúkọ àwọn ọmọ wọn gan-an ti ń sá mọ́ wọn lọ́wọ́, èmi, orúkọ mẹ́ta ni wọ́n ń pè mí lóòjọ́, kò sí tèmi níbẹ̀. Àmọ́ tó bá dọ̀rọ̀ parkin, ojú wọn á là kedere. Oat lílọ̀, atalẹ̀, àti treacle, ìyẹn ṣúgà dúdú tó ki bí oyin. Wọ́n ní tí mo bá ti yọ ọ́ nínú ófùn mi ò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò, kí n dé e mọ́ inú agolo, kí n gbàgbé ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ìgbà yẹn ló máa tó rọ̀ tó máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Mo ní Màmá, ta ló máa dúró ọ̀sẹ̀ kan? Wọ́n wò mí bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé.

Hampton Court náà dùn mọ́ mi. Ilé ìdáná yẹn ti wà láti bí ọdún 1530, nígbà ayé Henry Kẹjọ, ẹni tó ń yan ẹran ṣì ń fọwọ́ yí irin tí wọ́n fi gún ẹran níwájú iná, ojú ẹ̀ pọ́n bí epo. Kànáfùrú tí màmá àgbà mi máa ń jù sínú ìkòkò bí eré, owó gọbọi ni nígbà yẹn, ọ́fíìsì ọ̀tọ̀ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú èròjà bẹ́ẹ̀ láàfin.

Rhubarb ló wá gbà mí lọ́kàn jù. Ewé ẹ̀, májèlé ni, igi ẹ̀ pupa yẹn nìkan ni wọ́n ń jẹ, ó kan gógó, àfi kẹ́ ẹ da ṣúgà sí i. Bí wọ́n ṣe ń ṣe tìgbà òtútù nìyí: gbòǹgbò ẹ̀ á wà lóko fún ọdún méjì, ẹnì kankan ò ní já a, òtútù á lù ú dáadáa, wọ́n á wá hú u lọ sínú ahéré gígùn kan tó ṣókùnkùn biribiri tí wọ́n ń mú gbóná. Á rò pé ìgbà ooru ti dé, á máa sáré wá oòrùn tí ò sí níbẹ̀. Àbẹ́là ni wọ́n fi ń ríran já a. Tẹ́ ẹ bá dákẹ́, ẹ máa gbọ́ bó ṣe ń ta, tó, tó, bí ẹni ń ṣẹ́ ìka. Orí mi wú. Mo ní hẹn, nǹkan tí wọ́n hú kúrò nílẹ̀ tiẹ̀ tí wọ́n kó wọ òkùnkùn, tó wá ń dàgbà níbẹ̀ tipátipá. (Mo mọ̀, ẹ má dá mi lóhùn.) Lọ́dún 2010, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dáàbò bo orúkọ ẹ̀, pé tí kì í bá ṣe ìgbèríko àárín Wakefield, Morley àti Rothwell ló ti wá, ẹnì kankan ò gbọdọ̀ pè é ní Yorkshire Forced Rhubarb. Mo rántí dòdò Ìkirè, tí gbogbo ayé ń dín tí wọ́n ń pè é ní ti Ìkirè.

Nílé ńkọ́? Ẹ mọ̀ ọ́n. Iná, gáàsì, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ. Ẹ jẹ́ ká fò ó.

Ohun tí Àǹtí ò rí nínú fọ́tò ni pé gbogbo ọdún yìí, rírà lẹ máa ra ọ̀nà wọ inú ẹ̀. Ẹ san tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ tò, ẹ gba páì, ẹ dúró jẹ ẹ́ nínú òtútù, ẹ lọlé. Ẹni tó wà níwájú yín lórí ìlà, ó lè rẹ́rìn-ín músẹ́ sí yín, ó lè ní òjò ò jẹ́ ká gbádùn, ó parí nìyẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ilé àtijọ́ kan wà tá a lọ, obìnrin kan wọ aṣọ ìgbà láéláé, ó ń ro ọbẹ̀ lórí igi ìdáná, òórùn ẹ̀ gba gbogbo ilé. Ọmọ mi na abọ́. Wọ́n ní wíwò ni, kì í ṣe fún jíjẹ. Ọmọ yẹn wo ojú mi. Kí ni kí n sọ?

Nílé wa ní Pópó Àgùdà, Gúùdù Fúráìdè, frejon. Àwọn tó ti Brazil dé, pàápàá lẹ́yìn rògbòdìyàn àwọn ẹrú ní Bahia lọ́dún 1835, ló gbé e wá, feijão tí wọ́n ń pe ẹ̀wà lọ́hùn-ún ló di frejon lẹ́nu wa, ní Bahia gan-an títí dòní wọ́n ṣì ń fi omi àgbọn se ẹ̀wà ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́. Àtalẹ́ Thursday ni màmá àgbà mi ti ń rẹ ẹ̀wà. Wọ́n á sè é, wọ́n á lọ̀ ọ́ mọ́ omi àgbọn, wọ́n á fi asẹ́ sẹ́ ẹ, á tún padà sórí iná pẹ̀lú ṣúgà àti kànáfùrú, ẹja díndín lẹ́gbẹ̀ẹ́, gàrí Ìjẹ̀bú lókè. Iṣẹ́ àwa ọmọdé ni abọ́ gbígbé. Lọ́dún kan, mo gbé mẹ́rìnlá. Ilé Alhaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ, torí ẹran Iléyá wọn, a kì í retí ẹ̀ lásán. Abọ́ kì í sì í padà sílé wa lófìfo.

Gúùdù Fúráìdè ọdún tó kọjá, ọkọ mi wà níbi iṣẹ́. Mo ra ẹ̀wà dúdú ní súpámákẹ́ẹ̀tì, mo ra omi àgbọn inú agolo, mo bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe ń dín ẹja lọ́wọ́ ni smoke alarm figbe ta. Mo gun àga, mo ń fi tọ́wẹ̀lì fẹ́ ẹ, ọmọ mi di etí méjèèjì, epo ń ta pàrà nínú páànù nílẹ̀, ẹja apá kan ti ń di èédú. Ó ṣáà jinná. Ìgbà tí mo bù ú ni mo tó rí i pé ọwọ́ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń se frejon fún ẹni méjì, ọwọ́ màmá àgbà ni mo fi sè é. Abọ́ méje. Mo fi fóìlì bò wọ́n, mo tò wọ́n sórí kàúńtà, mo wá dúró.

Ta ni mo fẹ́ gbé e fún?

Ilé tó wà lọ́wọ́ òsì, wọn ò sí ńlé. Òdìkejì títì, ọdún kẹrin rèé, mi ò mọ orúkọ wọn, mọ́tò wọn ni mo mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Leeds ní òun wà níbi iṣẹ́ títí alẹ́, kí n bá òun fi sí fíríìsà. Ó wá ku bàbá òyìnbó tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, tó ń dá gbé. Mo kan ilẹ̀kùn. Bàbá ṣí i díẹ̀, wọ́n wo abọ́, wọ́n wò mí. Wọ́n bi mí bóyá ẹ̀pà wà nínú ẹ̀. Mo ní rárá, ẹ̀wà ni, àgbọn wà níbẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá ṣokoléètì ni. Wọ́n wá bi mí, tìtìjú tìtìjú, pé èló ni.

Èló.

Wọn ò rí mi fín o, inú ire ni wọ́n fi béèrè, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Mo ní ọ̀fẹ́ ni, pé bá a ṣe ń ṣe nílé wa nìyẹn. Lọ́jọ́ kẹta mo bá abọ́ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, káàdì ìdúpẹ́ kékeré kan wà nínú ẹ̀. Mi ò mọ̀ títí dòní bóyá wọ́n jẹ ẹ́ tàbí wọ́n dà á nù. Mẹ́fà tó kù, fíríìsà, a jẹ ẹ́ wọ oṣù kẹfà, ọmọ mi ní, "Mummy, ta lo sè é fún gan-an?"

Ẹ má wá sọ pé kí n padà wálé o. Mo ti mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ ọ́. Ikọ́ fée ń ṣe ọmọ mi, níbí ọ̀fẹ́ ni ìnhélà ọmọdé, mi ò tíì fi àdúrà ra èémí fún un rí láti ọdún tá a ti dé. Tí mo bá gbé frejon sápá kan tí mo gbé ìyẹn sápá kejì, ẹ̀wà ò lè tẹ̀ ẹ́ láéláé. Àti pé ilé tí mò ń sunkún ẹ̀ yìí, ṣé ó ṣì wà? Lọ́dún tó kọjá yẹn kan náà, Àǹtí fi fọ́tò frejon tiwọn ránṣẹ́, inú ike olómọrí ló wà, wọ́n fi ìwé orúkọ ẹni tó ń tà á lẹ̀ mọ́ ọn, oníbáìkì ló gbé e wá. Èmi ṣì sè é. Èmi tí mo wà ní Yorkshire, mo sè é, mo sẹ́ ẹ, ẹja jóná mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ẹni tó lọ ló gbàgbé?

Bóyá mo kàn fẹ́ jàre ni ṣá.

Lánàá ni mo tó dá Àǹtí lóhùn. Mo fi owó gáàsì ránṣẹ́, owó ẹ̀wà àti àgbọn sì wà nínú ẹ̀. Mo ní ó kù sọ́wọ́ wọn, àmọ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn sè é lọ́dún yìí, kí wọ́n bá mi gbé abọ́ kan fún Alhaja, kí wọ́n ní èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e wá.

Ohùn wọn wọlé kíá. "Alhaja kẹ̀? Wọ́n ti kó lọ Ìkòròdú, ó ti tó ọdún méjì. Ṣé kí n gbé frejon wọ bọ́ọ̀sì ni?"

Mo fi owó bọ́ọ̀sì kún un.