Bùláòsì Tí Mo Fi Pamọ́

Ìgbéyàwó wa ò tíì pé oṣù mẹ́ta tí mo fi sọ bùláòsì funfun ìyàwó mi di aláwọ̀ osùn. Kì í ṣe bùláòsì lásán o, èyí tó máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ìpàdé ńlá bá wà ni. Ojú àánú ló fà á. Ó ti rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, ó ń sùn, mo wá ní kí n bá a fọ aṣọ tó wà nílẹ̀. Mo kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú korobá kan, mo da omi gbígbóná lé e torí mo gbà pé omi gbígbóná ló ń lé ìdọ̀tí, mo bu ọṣẹ sí i, mo lọ jókòó ti fóònù mi. Mi ò rí tówẹ́ẹ̀lì pupa tuntun tó wà láàárín wọn. Nígbà tí mo fi máa padà dé, omi inú korobá ti pọ́n bí ojú ẹni tínú ń bí.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kò le rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó gbàgbé. Bí àwọ̀ aṣọ kan bá ran òmíràn, ẹ má jẹ́ kó gbẹ. Ẹ yọ ọ́ kíá, ẹ fi omi tútù ṣan án, ẹ tún un fọ̀ lóun nìkan. Bí kò bá tíì lọ, ẹ wo ara aṣọ náà bóyá ó gba bílíìṣì, kí ẹ sì rẹ ẹ́ fún wákàtí mélòó kan sínú bílíìṣì oníọ́síjìn tí ẹ ti pò mọ́ omi, irú èyí tí kò ní kílórínì nínú. Níwọ̀n ìgbà tí aṣọ bá ṣì tutù, àlejò ni àwọ̀ yẹn. Ooru ló ń sọ ọ́ di onílé. Aṣọ tuntun tó bá pọ́n tàbí tó dúdú, ẹ fi nǹkan funfun tó tutù nu ìṣẹ́tí rẹ̀ wò kí ẹ tó dà á pọ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bó bá kùn ún, ẹ dá a fọ̀.

Èmi ńkọ́? Mo fún bùláòsì náà, mo sá a sóòrùn títí tó fi gbẹ, mo tún fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, bóyá iná á mú un funfun padà. Ẹ má bi mí bí mo ṣe rò ó. Nígbà tí kò yí padà, mo ká a, mo tì í sábẹ́ àwọn ṣòkòtò mi.

Ní ọjọ́ kejì ìyàwó mi bi mí bóyá mo rí bùláòsì òun. Mo ní, "Èwo nínú wọn?" Ọkùnrin tó bá ń béèrè èwo nínú wọn ti mọ èyí tó jẹ́. Ó wá a títí, ó wọ òmíràn lọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń rìn nínú ilé mi bí olè. Tó bá ṣí ibi tí aṣọ wà, àyà mi á já. Tó bá wọlé, màá dákẹ́.

Lóru ọjọ́ kẹrin, mo gbé bùláòsì náà lọ sí balùwẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn, mo ti fèrèsé, kí òórùn má baà jí ìyàwó mi. Mo da bílíìṣì lé e lórí láìpò ó mọ́ omi kankan. Pupa yẹn ṣì ń wò mí. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, mo rí ike omi tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo ní bí èyí bá lè lé ohun tó wà lára àwo yẹn, kí ni bùláòsì jẹ́ níwájú rẹ̀? Mo da ìyẹn náà sí i.

Kò pẹ́ rárá. Ọ̀fun kọ́kọ́ yún mi, ojú ń ta mí, ikọ́ wá dé, irú ikọ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn ráyè mí. Ariwo rẹ̀ ló jí ìyàwó mi. Ó gbá ilẹ̀kùn, mo wá a rí pẹ̀lú ọwọ́, mo ṣí i, ó fà mí jáde, ó pa á dé sẹ́yìn wa, ó ṣí gbogbo fèrèsé tó kù bá a ti ń jáde lọ síta.

Mo kà nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ásíìdì wà nínú ọ̀pọ̀ omi ìfọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bó bá pàdé bílíìṣì oníkílórínì, gáàsì kílórínì ni wọ́n ń bí. Gáàsì yẹn kan náà ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sójú ogun ní ìlú Ypres ní Bẹ́ljíọ̀mù lọ́dún 1915. Èmi ń tú u sínú balùwẹ̀ ara mi nítorí bùláòsì. Fínígà náà, ásíìdì ni, ẹ má pò ó mọ́ bílíìṣì. Ohun tó bá ní àmóníà, bí àwọn omi ìnudígí kan, bákan náà. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ jáde síbi tí atẹ́gùn wà, ẹ má padà wọlé lọ dà á nù. Bí ikọ́ tàbí èémí ò bá rọlẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn.

A dúró síta nínú òkùnkùn. Ìyàwó mi kì í fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ àfi tínú bá ń bí i. Ó ní, "Kí lẹ̀ ń wá nínú balùwẹ̀ láago kan òru, sà?" "Sà" yẹn ló sọ fún mi pé ọ̀ràn ti dé. Mo rò fún un látorí korobá dórí ike. Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Láti ọjọ́ mẹ́ta yìí ni mo ti mọ̀ pé o ń fi nǹkan pamọ́ fún mi. Mi ò mọ̀ pé aṣọ ni."

Ó ti padà sí "o", ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ọ̀fun mi lọ. Mo wá ro ohun tó ti ń rí: ọkọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, tó ń dákẹ́ tó bá wọlé, tó ń dìde lóru. Ta ni yóò rí ìyẹn tí ọkàn rẹ̀ á lọ sọ́dọ̀ tówẹ́ẹ̀lì?

Látìgbà náà la ti ní àdéhùn kan. Ẹni tó bá ba nǹkan jẹ́ ni yóò fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ẹnì kejì tó rí i. Ẹni tí wọ́n bá sì sọ ọ́ fún kò gbọdọ̀ fi èébú gbà á. Apá kejì yìí ló le jù, èmi ni mo sì kọ́kọ́ rú u. Ó pè mí níbi iṣẹ́ pé òun gbàgbé láti ti ẹ̀rọ omi, ilé ìdáná ti di odò. Mo ní, "Ṣé o ò ríran ni?" Ó pa fóònù. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tó oṣù kan tí kò sọ nǹkan kan tó bàjẹ́ fún mi mọ́. Ẹnu aládùúgbò ni mo ti gbọ́ pé ó ti kọ́kọ́rọ́ mọ́lé, tó sì jókòó síta fún wákàtí méjì. Mo ní láti bẹ̀ ẹ́ gidi.

Ọjọ́ tí mo rí èrè ẹ̀bẹ̀ yẹn kò jìnnà. Bá a ti ń jẹun lálẹ́ ló sọ fún mi pé òróró gbiná mọ́ òun lọ́wọ́ nínú páànù lọ́sàn-án. Èébú ti dé orí ahọ́n mi, mo gbé e mì. Mo béèrè bó ṣe pa á. Ó ní òun pa gáàsì, òun fi ọmọrí dé e, òun ò sì ṣí i títí tó fi tutù. Mo ní kí ló dé tí kò da omi sí i. Ó wò mí bí ọmọdé. Omi wúwo ju òróró lọ, ìsàlẹ̀ ló máa rì sí. Òróró tó ń jó sì gbóná dáadáa kọjá ìwọ̀n 100°C tí omi fi ń hó, nítorí náà kíá lomi yẹn máa di ooru, á fẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 1,700, á sì ju òróró oníná sókè sára ẹni tó dúró níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni tèmi gbiná. Mo ti gbé korobá omi sókè kí n tó rántí ojú tó fi wò mí. Mo gbé e kalẹ̀, mo wá ọmọrí.

Ní àná, bí mo ṣe wọlé, ó ní, "Ẹ jókòó ná." Mo ti ń ro gbogbo ohun tí mo ṣe láàárọ̀. Mo ní kí ni mo tún bàjẹ́. Ó ní èmi kọ́, òun ni: òun ò wo àpò ṣòkòtò mi kí òun tó fọ̀ ọ́, íápíìsì mi sì wà níbẹ̀. Ó nawọ́ ẹ̀ sí mi. Mo gbá ahọ́n mú, mo ti íápíìsì náà bọ etí. Ọ̀kan ṣì ń kọrin.