Ẹni tó ti Mẹ́kà dé tí ara ẹ̀ ń gbóná

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn gan-an. Tí Àlájì tàbí Àlájà bá ti Mẹ́kà dé tí ara ẹ̀ wá gbóná, kíá gbogbo ilé á ní màléríà ni, wọ́n á ní kí ọmọ kan sáré lọ ra oògùn ní kẹ́mísí Kútọ̀, ẹlòmíì á ti gbé agbo kaná. Ó lè jẹ́ màléríà lóòótọ́ o, ẹ kọ́kọ́ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ torí ó tètè ń pààyàn. Àmọ́ tí wọ́n bá ní kò sí màléríà ńkọ́? Ó lè jẹ́ dengue, ibà mìíì tí ẹ̀fọn ń gbé kiri.

Láti 1994 ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì dengue ní Jẹ́dà, ibẹ̀ sì lọ̀pọ̀ ń gbà wọ Mẹ́kà. Lẹ́yìn ọjọ́ 4 sí 10 tí ẹ̀fọn ti jẹni ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni pé èèyàn lè délé koko kó tó ṣubú àìsàn. Ara á gbóná janjan, ẹ̀yìn ẹyinjú á máa dunni, eegun á máa ro, ara lè sú. Ẹ sọ fún dókítà pé Jẹ́dà lẹ ti ń bọ̀, àbí báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀?

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni oògùn ara ríro. Ibuprofen àti aspirin lè jẹ́ kẹ́jẹ̀ máa dà lára onídengue, parasítámọ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ lò. Tí ara bá sì wálẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ má tíì yọ̀, ìgbà yẹn gan-an ló lè le: inú rírun, èébì tí ò dáwọ́ dúró, ẹ̀jẹ̀ lérìgì, ọsibítù kíákíá ni o.

Àwọn tó wá kí i káàbọ̀ náà ńkọ́, tí wọ́n jókòó ní pálọ̀ tí wọ́n ń mu Zamzam tí wọ́n ń jẹ dàbínù? Ẹ̀fọn Aedes tó ń gbé dengue kiri, dúdú tẹ́sẹ̀ ẹ̀ ní ìlà funfun, ọ̀sán ló ń jẹni, ó sì wà níbí, nínú táyà àwọn fọkanáísà Láfẹ́nwá, nínú dúrọ́ọ̀mù omi ilé wa. Tó bá jẹ Àlájì lónìí, tó bá yá á lè gbé e fún aládùúgbò, torí náà kí aláìsàn sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì lọ́sàn-án náà. Ẹyin ẹ̀fọn yìí máa ń lẹ̀ mọ́ ara dúrọ́ọ̀mù, omi lè gbẹ fún oṣù mélòó kan kó má kú, ẹ fi kàìnkàìn fọ inú ẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó pọn omi tuntun sí i, kẹ́ ẹ sì dé e.